Ibi Tí Mo Kúnlẹ̀ Sí ní Ọ́fíìsì Wẹ́fíà

Agbo Ilé Balógun,
Ìgbòho.
Oṣù Kẹta, 1986.

Mùtíátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé tí o ń gbé ní Agbowó, Ọlọ́run kò ní fi àlàáfíà dù yín. Ara mi le, ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, òjò kò tíì rọ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, ìwé tí mo kọ́ ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbàlagbà ni mo fi kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ Zùwáírátù àbúrò rẹ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ní kí akọ̀wé bá òun kọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Nígbà tí ọmọ náà wá lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ, tó sọ fún ọ pé Àjàgbé, ìbátan olóògbé bàbá yín, ń fi tipátipá ṣe ohun tí kò tọ́ sí òun lára, mo ní kí o dákẹ́, mo ní ọ̀rọ̀ ilé ni. O kò gbọ́ tèmi, Ọlọ́run ṣeun.

Ọjọ́ tí o mú wa lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn àwọn ọmọdé ní Dùgbẹ̀, mo rò pé ọmọ ni wọ́n pè lẹ́jọ́ ni. Nílé wa níbí, bí wọ́n bá ní kí o mú ọmọ wá síwájú àgbà, ó ti ṣẹ̀ nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ ni ìyá ń bá wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi gbé àkùkọ méjì dání, bí a sì ti wọlé ni mo ti kúnlẹ̀, mo ń bẹ Mísíìsì Adégbóyè, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, pé kí wọ́n ṣàánú ọmọ mi, ọmọdé ni, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n dìde, mo kọ̀, mo rò pé ẹ̀bẹ̀ mi ni kò tíì tó. Ni àwọn náà bá kúnlẹ̀ tì mí, tàwọn ti bàtà gíga wọn, wọ́n ní ọmọ yìí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, èèyàn ló ṣẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni Zùwáírátù ti bú sẹ́kún, ó sì wá jókòó tì mí nílẹ̀. Ojú tì mí, Mùtíátù. Ojú ṣì ń tì mí.

Bá mi kí Mísíìsì. Wọn kò gba àkùkọ, wọ́n ní ìjọba ń sanwó fún àwọn, bóyá àkùkọ méjì ló kéré, n ó gbé iṣu wá. Mo rí i pé wọ́n kọ gbogbo ohun tí ọmọ náà sọ sínú fáìlì, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù irin. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, mo ní ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n o kọ̀wé pé ó ṣì ń ta jí lójú oorun lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀. Ní kí wọ́n bá mi yẹ kọ́kọ́rọ́ náà wò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàbá Nùrẹ́nì, baálé wa, kó àwọn àgbà ilé wá, wọ́n ní kí n fa ẹjọ́ tí a pe Àjàgbé ní kóòtù yọ, pé ta ni yóò fẹ́ ọmọ náà bí ayé bá gbọ́. Mo ní n kò ní fà á yọ. Láti ìgbà náà wọn kì í dáhùn bí mo bá kí wọn. Mo ṣì ń kí wọn.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ rán dẹ́rẹ́bà sí mi kí n lè wá sí kóòtù. O ní Mísíìsì sọ pé bí ọmọ náà bá ń sọ̀rọ̀, kó má wo Àjàgbé, ojú ẹni tó fọkàn tán ni kó máa wò. Bá mi bi í bóyá ó lè wo ojú tèmi. Bó bá ní rárá, má bá a jà, ojú tìrẹ ni kó wò, èmi yóò jókòó sẹ́yìn.

Ẹnu tí o kọ̀ tí o kò pa dé yẹn, ayọ̀ ni Ọlọ́run yóò máa fi sí i.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àbẹ̀ḿbí