Wọ́n Ní Kí O Má Dá Àwọn Lóhùn

Monísọ́lá, Àbẹ̀bí mi,

Ṣé ara le? Ṣé òtútù Johannesburg ò mú ọ jù? Ọlọ́run tó sìn ọ́ débẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lọ́nà. Èmi àti ìyá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Fọláyẹmí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni yóò fi fóònù ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ wínníwínní, kí ó lè gba inú fóònù náà.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé Midrand yẹn kò jẹ́ kí n lè jẹun. O ní o fi íméèlì kọ̀wé béèrè iṣẹ́ tíṣà, wọ́n fèsì lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí o má dá àwọn lóhùn. Kí lo ṣe fún wọn? Ẹni tó bá ní kí a má dá òun lóhùn, inú ló ń bí i. Mú Mákindé àbúrò ìyá rẹ tó wà ní Roodepoort dání, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ìwọ náà kúnlẹ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n. Ní ti ìrírí ọdún méjì tí àwọn ilé-ìwé yòókù ń béèrè lọ́wọ́ rẹ, ta ló ń bí ọmọ tó ti ń rìn? Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi dandan lé e, kọ tèmi sí i: ogójì ọdún ni mo ti ń dá oko kòkó, ẹbí kan náà ni wá.

Inú mi bàjẹ́, ọmọ mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, alàgbà bi mí pé kíláàsì wo lò ń kọ́, mo ní kíláàsì kẹrin. Mo purọ́ nínú ilé Ọlọ́run.

Níbí ńkọ́, tíṣà kan ṣoṣo tó kù ní ilé-ìwé wa ti fẹ̀yìn tì, ìjọba ò rán ẹlòmíràn wá, àwọn ọmọ kàn ń gbá bọ́ọ̀lù kiri. N kò lè máa wò wọ́n bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo dúró ní ìwé mẹ́fà, èmi ni mò ń kọ́ wọn láàárọ̀ báyìí.

N ò tọrọ owó oògùn orúnkún, fi ìyẹn wọ takisí lọ bẹ àwọn ará Midrand. Owó ṣọ́ọ̀kì páálí kan péré ni kí o fi ránṣẹ́. Olúwa yóò ṣí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò lè dí fún ọ.

A ti ṣe ìṣirò pínpín tán, ibi tí ìmọ̀ mi mọ nìyẹn. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ń bi mí pé kí ló kàn, mo ní kí wọ́n ní sùúrù, tíṣà wọn tó wà ní Johannesburg yóò kọ ọ́ ránṣẹ́. Jọ̀ọ́, Àbẹ̀bí, àwa ò ní kí o má dá wa lóhùn.

Èmi bàbá rẹ,
Adéyínká