Ìka Tí Fóònù Mọ̀

Ọjọ́rú, 1 Okúdù 2016

Iye, ìyá mi, ti sọ̀rọ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ sì ti parí: òun máa ra fóònù. "Èyí tí n ó fi rí ojú ọmọ, tí n ó sì fi bá wọn wí." Ọmọ tí a ò tíì bí. Àbúrò mi, Dámi, wà nílé ọkọ ní Etikan, oyún ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ní ìdílé wa, ìyá ìyàwó ló ń wẹ ọmọ tuntun. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bèèrè rí, àfi èmi.

Ṣùgbọ́n ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀nà omi Etikan ti dí. Àwọn oníbọn ń fọ́ páìpù epo, ọkọ̀ ṣọ́jà ń lé wọn, ẹni tó bá bọ́ sí àárín wọn kò ní mọ ẹni tó yìnbọn sí òun. Ìyá ọkọ Dámi ni yóò wẹ ọmọ, Iye yóò sì máa tọ́ ọ sọ́nà lójú fóònù.

Arúgbó, fóònù mi, ń gbọ́ràn, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnu rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ tó mu omi. Iye kọ́ ló máa wẹ ọmọ láìsọ̀rọ̀.

Èmi ni yóò yan tuntun. "Rhoda, ìwọ lo ń ka ìròyìn fóònù bí ẹni ń ka Sáàmù." Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún ìwé yìí.

Ọjọ́bọ̀, 2 Okúdù

Méjì ló kù. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ.

Ọmọge — tẹ́ẹ́rẹ́, dígí níwájú, dígí lẹ́yìn, kámẹ́rà rẹ̀ lè ka irun orí eṣinṣin. Oníkùn — ó nípọn bí ọṣẹ ìfọṣọ, àwòrán rẹ̀ dàbí ohun tí a rí láàárín èéfín, ṣùgbọ́n wọ́n ní bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún tí a bá ṣọ́ ọ lò.

Mo ka ìdájọ́ ènìyàn mẹ́sàn-án. Gbogbo wọn fi Ọmọge ṣe àkọ́kọ́. Wọ́n wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, wọ́n wọn ìyára rẹ̀, wọ́n jù ú sílẹ̀ lórí kọnkéré. Kò sí ẹni tó bèèrè pé bí iná bá ń wà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ńkọ́. Gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé nípa fóònù, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń gbé.

Síbẹ̀, Ọmọge ni mo fẹ́.

Ìròyìn mìíràn: wọ́n ní fóònù ńlá kan ń bọ̀ tí kò ní ní ihò tí a ń ki okùn etí bọ̀. Mo sọ fún Iye. Ó ní, "Ẹ yọ ilẹ̀kùn ilé, ẹ wá pè é ní ilé tuntun!" Ó rẹ́rìn-ín títí ẹja fi jóná lórí àtẹ tó fi ń yan án.

Àbámẹ́ta, 4 Okúdù

Ode Mahin. Ọ̀nà ibẹ̀ ṣì ṣeé gbà. Ọ̀dọ̀ Khalid la lọ, ọmọ Ìwó tó ń ta fóònù lẹ́bàá èbúté. Ó gbé Ọmọge síwájú: "Àǹtí Tíṣà, èyí làwọn tó lajú ń lò." Mo ti ń mi orí.

Iye gbé Ọmọge lé àtẹ́lẹwọ́, ó wọ̀n ọ́n bó ṣe ń wọn ẹja. "Egungun lásán." Ó gbé Oníkùn. "Èyí ti jẹun." Ó yọ owó. Ìdájọ́ ènìyàn mẹ́sàn-án wọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dijú mọ́ ọn títí a fi wọ ọkọ̀.

Nígbà tí à ń bọ̀, ṣọ́jà kan gba Oníkùn lọ́wọ́ Iye, ó ń tú inú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, tuntun ni. Bí a ti délé, Iye gbé e lé mi lọ́wọ́. "Tì í," ni ohun tó kọ́kọ́ sọ. "Tì í pa."

Ọjọ́ Àìkú, 5 Okúdù

Lẹ́yìn ìsìn. Iye kọ ẹ̀yìn sí mi, ó tẹ nọ́ńbà tí yóò fi máa ṣí i, èyí tí ṣọ́jà kankan kò ní lè mọ̀. Ó kù kí ó tẹ ìka kí fóònù lè mọ ìlà rẹ̀, kí ó má bàa máa tẹ nọ́ńbà nígbà gbogbo.

Fóònù kọ àtàǹpàkò. Ó kọ ìfábẹ̀lá. A fọ ọwọ́, a nù ún, a tún gbìyànjú. Ó kọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé ọwọ́ Iye sí ojú oòrùn: kò sí ìlà kankan lórí àwọn ìka yẹn mọ́. Okùn àwọ̀n ti jẹ díẹ̀, ìpẹ́ ẹja jẹ díẹ̀, iná àtẹ jẹ ìyókù.

Ọmọńdinrín ọwọ́ òsì nìkan ló gbà.

"Èyí?" Iye na ìka náà sókè. "Èyí tí kò ṣiṣẹ́ rí láyé rẹ̀? Ọ̀lẹ ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́!" Moríkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó. Ẹ̀rọ bi obìnrin kan pé ta ni ọ́. Ìka mẹ́sàn-án tó tọ́ wa dàgbà kò lè dáhùn.

Ajé, 6 Okúdù

Iye ti gbàgbé nọ́ńbà náà.

Ìṣẹ́gun, 7 Okúdù

Kò burú, mo ní, ìka kékeré ṣáà ń ṣí i. Nígbà náà ni mo rántí ohun tí mo kà: bí fóònù bá kú tó sì jí, nọ́ńbà ló máa bèèrè, kò ní gba ìka. Khalid nìkan ló lè tún un ṣe, kó pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́. Ọ̀nà Mahin sì ti dí láti òwúrọ̀. A gbọ́ ìbọn lọ́nà jíjìn. Ẹyẹ lékeléke fò kọjá lórí ilé.

A fi iná kún Oníkùn lánàá. Láti òní, kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀ Sunday, tó ń ṣájì fún gbogbo wa. Ẹ̀mí ìwẹ̀ ọmọ wà nínú ikùn yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 9 Okúdù

Moríkẹ́ ń yọjú ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni ń bẹ aláìsàn wò. "Ó kù mélòó?" Àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, mo ní. "Olúwa, dá a sí." Iye ń gbàdúrà kí ọ̀nà là. Ìyá ṣọ́jà ń gbàdúrà, ìyá oníbọn ń gbàdúrà. Ta ni Olúwa yóò kọ́kọ́ gbọ́? Mi ò bi Iye léèrè.

Àbámẹ́ta, 11 Okúdù

Mọ́kànlélógún. Ọmọge ì bá ti kú láti ọjọ́ kẹta. Mo jẹ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Okúdù

Dámi ti bímọ! Obìnrin! Ní ìdájí!

Ìpẹ̀kun afárá pákó ni nẹ́tíwọ̀kì ń dé, níbẹ̀ la sáré lọ, gbogbo obìnrin àdúgbò tẹ̀lé wa. Ó ku mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọńdinrín ṣí i. Ojú Dámi yọ, ó wú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti gbé ọmọ sórí itan, omi ń gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Àna mi, ọrùn! Ẹ di ọrùn mú!"

"Mo dì í mú, àna mi."

"Ṣé ọrùn ọmọ nìyẹn àbí ọrùn ìgò?"

"Ẹ wá ṣe é fúnra yín, bí ẹ bá lè rìn lórí omi!"

Gbogbo afárá mì fún ẹ̀rín. Iye ń fi ọwọ́ méjèèjì wẹ afẹ́fẹ́, ó ń na apá, ó ń na ẹsẹ̀, ó ń tẹ orí. Ní Etikan, obìnrin kejì ń ṣe bí ó ti ń ṣe. Moríkẹ́ ló di fóònù mú. Adí àgbọn ló kù láti fi pa á nígbà tí àwòrán dúró. Ó ku mẹ́ta.

Iye wo ọwọ́ rẹ̀. "Ọmọ ti mọ́," ó ní. "Ọwọ́ mi ló gbẹ."

Ní ìrọ̀lẹ́, Sunday rí epo. Oníkùn gba iná nígbà tó ku ẹyọ kan.

Ọjọ́rú, 15 Okúdù

Ọ̀nà Mahin ti là. Iye kò jẹ́ kí a gbé fóònù lọ bá Khalid: ó máa pa àwòrán ọmọ tí Dámi fi ránṣẹ́ rẹ́. Ìka kékeré tó.

Kọ́lájọ, tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì, ní àwọn ṣọ́jà ti kúrò lójú omi Etikan. Ó máa lọ ní Àbámẹ́ta. Mo bi Iye pé bí ìbọn bá dún ńkọ́?

"Ìwọ tó ń kàwé, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò ní dún?" Ó ti di ẹrù tán: kànrìnkàn, adí, aṣọ funfun kan.

Àbámẹ́ta, 18 Okúdù — Etikan

A gúnlẹ̀. Wákàtí mẹ́ta lórí omi. A kọjá lára ọkọ̀ kan tó jóná. Ìbọn kò dún.

Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ. Kí Iye tó mu omi, ó ti jókòó, ó ti na ẹsẹ̀. Ó wẹ ọmọ. Ìyá ọkọ ń bu omi. Ọmọ ké, ó ké sí i, ó dákẹ́, ó yán. Adí ń dán lára rẹ̀. Mo ti máa ń bèèrè ohun tí ìwẹ̀ yìí wà fún. Mo wo ojú Iye, mi ò bèèrè.

Arúgbó wà nílé lọ́wọ́ Moríkẹ́, ní ìpẹ̀kun afárá, òun àti gbogbo obìnrin àdúgbò. Kọ́lájọ ti ránṣẹ́ pé a dé láyọ̀; ojú ọmọ ló kù tí wọ́n fẹ́ rí. Ọ̀rọ̀ Moríkẹ́ ń wọlé sójú Oníkùn: Ẹ dà? Ọmọ dà? Ṣé ẹ ti jẹ ẹ́ ni?

Mo gbé e lọ bá Iye. "Iye, ìka."

Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Èmi náà wò ó. Ọmọ ti di ọmọńdinrín mú, ó fi gbogbo ọwọ́ dì í, ó ti ń sùn lọ.

"Iye, wọ́n ń dúró."

"Kí wọ́n dúró," ó ní, ó rọra sọ ọ́. "Ọwọ́ mi dí."

Fóònù tún bèèrè ìka. Mo da Oníkùn dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Ó ń gbọ̀n, ó tún gbọ̀n. Ọmọ kò tú ìka sílẹ̀.