Sí Adéníjì, Lórí Ọ̀rọ̀ Àsíá Tí Ò Ń Dì Mú Nínú Oko Òyìnbó

Ilé Ògúnlànà,
Ọ̀jọ́, lẹ́bàá ọ̀sà.
Oṣù Kẹjọ, 1956.

Adéníjì ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ilẹ̀ yẹn tiẹ̀ ń jẹ́ kí etí rẹ gbóná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan? Àwa náà wà, a dúpẹ́, à ń jẹ, à ń mu, orúnkún mi nìkan ló ń kérora bí òjò bá ti ń ṣú. Ọlọ́run tó gbé ọ gun ọkọ̀ ojú omi lọ sílùú òyìnbó yóò máa ṣọ́ ọ lókè, yóò máa ṣọ́ ọ nílẹ̀, yóò sì máa ṣọ́ ọ láàárín méjèèjì, níbi tí ẹ̀rọ yín máa ń dúró sí. Ìyá rẹ Àwẹ̀ró ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun. Mo ní mo ti kọ ọ́, ó ní kí n tún un kọ: ṣé ò ń jẹun?

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á sókè fún gbogbo agbo ilé, mo sì ń ṣàlàyé ibi tó bá le, nítorí o mọ̀ pé mo kàwé dé kíláàsì kẹrin ní sẹ́kọ́ndìrì, kò sí ohun tó ń jẹ́ sáyẹ́ǹsì tó lè dẹ́rù bà mí. O ní ẹlikọ́pítà tí ò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á yìí lè dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ọmọ mi, ta lẹ̀ ń dúró dè? Bó bá jẹ́ èrò lẹ fẹ́ gbé, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ gbé wọn. Ibẹ̀ ni mo kà á dé tí àwọn obìnrin ilé fi pariwo, tí Fúnkẹ́ ìyàwó àbúrò mi bi mí pé bí Adéníjì bá gbé e wálé, tó lọ dúró sókè ilé ìwẹ̀ wa tí kò lórùlé ńkọ́? Láti ọjọ́ náà, agboòrùn ni wọ́n ń ṣí wẹ̀. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn á ṣì máa ṣí agboòrùn.

O tún ní olùkọ́ rẹ a máa jókòó tì ọ́, òun náà á sì di ọ̀pá ìwakọ̀ tirẹ̀ mú. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Bẹ̀ ẹ́ dáadáa, kó wà á lálọ, kí ìwọ wà á lábọ̀, kẹ́ ẹ má báa jà lókè.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Fọ́tò tó o fi sínú lẹ́tà yẹn fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ. O mọ̀ pé mo ti sọ fún Sùnmọ́nù, àna wa ní Ìba, pé awakọ̀ bàálù lẹni tó ń fẹ́ Sàdíátù ọmọ rẹ̀. Mo wá mú fọ́tò náà lọ hàn án tayọ̀tayọ̀. Ó wò ó, ó yí i, ó tún wò ó. Ó ní Ògúnlànà, bàálù dà? Ó ní òun rí ọmọ mi láàárín oko, òun rí bàtà òjò, òun rí garawa, òun rí igi tó so aṣọ funfun mọ́. Ó ní bó bá jẹ́ àgbẹ̀ lòun ń wá fún Sàdíátù, ṣé àgbẹ̀ ti tán n'Ìba ni? Ó ní òun á dá ẹrù ìdána wa padà.

Mo ṣàlàyé fún un bó o ṣe kọ ọ́, pé iṣẹ́ ilẹ̀ lo fi ń wá owó ẹ̀kọ́ rẹ, pé ìwọ lò ń po oògùn kòkòrò, tí ò ń rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, tó o sì ń fọ ẹ̀rọ bó bá dé; àti pé bí ọ̀gá tó ń wa ẹ̀rọ bá gbéra, ìwọ lo máa dúró ní ìpẹ̀kun oko pẹ̀lú àsíá kó lè mọ ibi tó máa fọ́n oògùn gbà, o ò sì gbọdọ̀ yẹsẹ̀ títí á fi fò kọjá lórí rẹ. Sùnmọ́nù ní òun ti gbọ́, àwọn ọmọ tó ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì náà ń ju aṣọ.

Inú bí mi. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sóko gbàgúdá rẹ̀ kí n fi hàn án. Àbúrò mi Adélékè, tó ń gun kẹ̀kẹ́ ra àgbọn kiri Okokomaiko, ló ṣe ẹlikọ́pítà. Mo lu ihò sídìí garawa, mo bu omi ọṣẹ sí i, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Èmi di àsíá mú ní ìpẹ̀kun oko, ìyẹn ìró funfun ìyá rẹ, tí mo mú láì sọ fún un. Sùnmọ́nù jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ní kí bàálù máa bọ̀. Adélékè gbéra láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìgbà tó dé ìdajì ọ̀nà ni mo rántí pé kẹ̀kẹ́ náà ò ní bíréèkì. Adélékè ń ké pé kí n yà, Sùnmọ́nù ń ké pé kí n yà, ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ ọ́ pé a kì í yẹsẹ̀. Mi ò yẹsẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ò kúkú lè fò kọjá lórí èèyàn. Èmi, Adélékè, àti garawa, gbogbo wa ló bá ara wa nínú kòtò tí wọ́n ń rẹ gbàgúdá sí. Àsíá nìkan ni kò rì, mo ṣì nà án sókè.

Sùnmọ́nù rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ṣé lóòótọ́ lọmọ mi máa ń dúró báyìí kí nǹkan tó ju kẹ̀kẹ́ lọ máa bọ̀ wá bá a? Mo ní lójoojúmọ́. Ó ní ẹni tó lè dúró de ìyẹn ò ní sá fún ìyàwó, kò sì ní sá fún àna, ẹrù ìdána ò padà mọ́. Inú mi dùn. Àfi bó ṣe fi kún un pé ṣùgbọ́n kó fi ti bàálù wíwà sílẹ̀ o, ẹni tó ń di àsíá mú lórí ilẹ̀ lòun fọmọ fún, òun ò fọmọ fún ẹni tó wà lókè. Mo wà nínú omi gbàgúdá, mo ní mo ti gbọ́.

Adéníjì, oúnjẹ ò wọlé fún mi fún ọjọ́ díẹ̀. Bí mo bá ní kó o dúró sílẹ̀, ohun tó o torí ẹ̀ sọdá òkun bàjẹ́. Bí mo bá ní kó o máa fò, Sàdíátù bọ́ nìyẹn. Àfi bí Sàdíátù fúnra rẹ̀ ṣe wọlé wá lọ́jọ́ Jímọ̀, tó kúnlẹ̀, tó ní ẹ má dààmú, Bàbá. Ó ní òun ti sọ fún bàbá òun pé bí iṣẹ́ àsíá bá níyì tó bẹ́ẹ̀, òun gan-an lòun á máa ṣe é bóun bá dé ọ̀dọ̀ ọkọ òun. Bàbá rẹ̀ ní kí ni ọkọ rẹ̀ á wá máa ṣe? Sàdíátù ní òun dáhùn pé wọn á wá nǹkan fún un ṣe lókè. Ó ní bàbá òun da ẹ̀pà sẹ́nu, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹrù ìdána mọ́.

Nítorí náà, ọmọ mi, fi pósítà ọ́dà, ìwé owó ilé ìfìwéránṣẹ́, ránṣẹ́ kíákíá. Táyà iwájú kẹ̀kẹ́ Adélékè ti rí bí ẹyin, òórùn gbàgúdá ò sì kúrò lára ìró ìyá rẹ, ó ti mọ̀, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ, kò bá mi sọ nǹkan mìíràn. Ra bàtà òjò sílẹ̀ pẹ̀lú, ẹsẹ̀ Sàdíátù ò tóbi.

Bó o bá wà lókè tí ìyàwó rẹ dúró nísàlẹ̀, jọ̀ọ́, fò gíga díẹ̀ sí i, kó o sì rọra da oògùn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú rẹ ṣì í mọ̀, kò ní jẹ́ kí apá rẹ̀ ro níbi tó ti ń ju àsíá, ẹ̀yin méjèèjì ò sì ní wá ara yín tì láéláé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fọlọ́runṣọ́ Ògúnlànà.