Iná Tí A Pa Mọ́ Tummas Lójú

Ẹ̀gbọ́n mi Hanus,

Ẹ kú àjò Kopenhágen. Gbogbo ilé ń kí yín. Ẹsẹ̀ Ìyá ti ń sàn, àgùntàn wa sì ti bímọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, Tummas ọkọ mi bómi lọ. Oníṣòwò tí ọba fún láṣẹ kó máa gba ọkọ̀ ọ̀tá, tó là débi táwọn ìjòyè ń yà kí i! Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà ló fi ń kó ọkà bọ̀, torí ebi tó ń pa wá. Ìyá rí ìgbòkun àjèjì, wọ́n figbe ta: "Olè òkun dé! Ẹ paná, ẹ da àgùntàn sórí òkè!" Bí a ti ń ṣe látayébáyé náà la ṣe. Kùrukùru bolẹ̀, Tummas kò ríná tí ì bá fi mọ èbúté, ọkọ̀ sì fọ́ mọ́ àpáta.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń fi ọkọ̀ àjèjì bọ̀, ẹ so súwẹ́tà tí mo hun fún yín mọ́ òpó rẹ̀. Ọlọ́run á mú yín délé. Ìyá ò jẹ́ kí iná wa kú mọ́, tọ̀sán-tòru.

Àbúrò yín,
Sunnuva