Mẹ́wàá Nínú Mẹ́wàá

Àbúrò mi,

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí, n ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí náà má kọ ọ́ wá. Ara mi le. Orúnkún nìkan ni.

Lánàá, ọmọbìnrin kan tó ń wádìí bí ìrora ṣe ń ṣe ọkàn aláìsàn wá sí ìdí ibùsùn mi ní ilé ìwòsàn níbí. Ó ní, "Ìyá, láti orí òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín?" Ta ló ń gba òdo tó ń yangàn? Mo ní mẹ́wàá. Ojú ọmọ náà fà ro, wọ́n sì fún mi lóògùn tí mo fi sùn di ọ̀sán.

Nígbà tí mo jí, ó tún bi mí pé ẹni mélòó ló máa jókòó tì mí tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún yìí fún mi tán. Mo tún ní mẹ́wàá. Èyí dùn mọ́ ọn, ó gbé àga wá. Máàkì kan náà! Èwo ni mo yege, èwo ni mo féèlì? Kò yé mi. Àga náà ṣì ṣófo.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tìrẹ, èmi ni mo jókòó tì ẹ́ títí o fi lajú. Ọ̀nà jìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n o jẹ mí ní ìjókòó yẹn. Wá san án.