Koríko Tí Bàbá Mi Kò Gé

Ọ̀gbẹ́ni Stroud, ẹ kú iṣẹ́ ètò yín lórí rédíò o. Ẹ má dárúkọ mi. Ohio ni mo wà.

Láàárọ̀ àná, mo rí pátákó ìbò méjì níwájú ilé wa: ti bàbá mi fún àwọn tó fẹ́ kí nǹkan wà bí àtijọ́, ti màmá mi fún àwọn tó fẹ́ àyípadà. Bàbá ti gé gbogbo koríko, àfi èyí tó yí pátákó màmá ká.

Màmá ní, "Ọkọ mi, irú gígé wo nìyí?"

Bàbá ní, "Stroud ní ọ̀tá ìlú ni yín."

"Kí Stroud máa wá bá ẹ sùn nígbà náà!" Ni màmá bá gbé ìrọ̀rí lọ sí pálọ̀.

Tiyín nìkan ni bàbá mi ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé màmá mi wà lára àwọn ọ̀tá yẹn? Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ kó gbọ́.

Mo fi aṣọ bo màmá lórí àga. Aago mọ́kànlá ni mo tó dùbúlẹ̀.