Amígò Ni Wọ́n Ń Pè Mí

Houston,
Oṣù Kẹwàá, 1984

Màámi,

Ara mi le, ẹ má fòyà. Ẹ̀kọ́ ń lọ dáadáa. Abọ́ tí mo ń fọ nílé oúnjẹ, iṣẹ́ ìsinmi lásán ni.

Àwọn òyìnbó ibí ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọn kò gbọ́ èdè Sípéènì, síbẹ̀ wọ́n ń bù ú sí Gẹ̀ẹ́sì wọn bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Amígò ni wọ́n ń pe gbogbo àwa tí a wà ní kíṣìnì. Ọ̀rẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ wọn. Mo ní kí ọ̀gá jẹ́ kí n wá wò yín, ó ní mànyánà. Ọ̀la nìyẹn, ọ̀la tirẹ̀ ti wọ oṣù karùn-ún.

Lọ́sàn-án Túsìdeè, mo ń fọ ìkòkò lọ́wọ́, ẹnì kan pè mí lẹ́yìn pé, "Àlàní." Ẹ̀yin nìkan lẹ ń pè mí bẹ́ẹ̀. Láti kékeré lẹ ti kìlọ̀ fún wa pé bí a kò bá rí ẹni tó pè wá, ká má dáhùn. Màámi, mo dáhùn. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ orúkọ mi kẹ́yìn. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan.

Lẹ́tà mẹ́ta tó dé kẹ́yìn, Ṣìkẹ́mi àbúrò mi ló kọ wọ́n. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní ẹ lọ sí Ìmùṣin, ẹ ò tíì dé. Mo gbà á gbọ́.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Bí ẹ bá ti dé, ẹ fọwọ́ ara yín kọ̀wé sí mi. Kò dìgbà tó bá gùn. Orúkọ mi nìkan tó.

Ọmọ yín,
Rufus